Èjìká Tuntun: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Ṣe Ẹ̀sásáìsì, Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Gbẹ́rù Tí Nǹkan Ò Fi Ní Yẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìnáwó, mo mọ̀ pé owó kékeré kọ́ ni ọpẹréṣọ̀n yẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé èjìká ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti àwọn ọmọ, ọkọ, ìyàwó tó ń tọ́jú wọn, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé gan-an lẹ máa rí wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ohun tí ò yẹ. Fisió ni mí, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀sásáìsì tọ́jú ara, Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń lọ bá èèyàn nílé láti Agric títí dé Igbogbo, ohun tí mo sì ń rí ni pé èjìká tuntun kì í sábà bàjẹ́ níbi ẹ̀sásáìsì. Ìdí kànga, ìdí jẹnẹrétọ̀, orí àga pálọ̀, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́, nígbà téèyàn ti gbàgbé pé wọ́n ṣe nǹkan fún òun.

Ìdí tí wọ́n fi ń gbàgbé rèé. Ìrora tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, eegun tó ń ha eegun ló ń fà á, wọ́n sì ti gé eegun yẹn dànù, wọ́n ti fi irin àti ike rọ́pò ẹ̀, torí náà ìrora àtijọ́ yẹn máa ń tètè lọ. Ẹlòmíì ò ní lò tó oṣù méjì táá ti máa sọ pé ara mi ti yá, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n iṣan tí wọ́n gé tí wọ́n rán padà ò tíì dì mọ́ eegun dáadáa, ó ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjìlá kó tó lágbára tó ṣeé fọkàn tán, kí èjìká náà sì tó dé ibi tó máa dé ó lè gbà tó ọdún kan. Nítorí náà ẹ má fi ìrora ṣe òṣùwọ̀n. Kàlẹ́ńdà ni kẹ́ ẹ máa wò, àti ohun tí dókítà yín kọ sínú ìwé. Tí ohun tí mo sọ níbí bá yàtọ̀ sí tiẹ̀, tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé o, òun ló rí inú èjìká yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí wọ́n ṣe fún yín

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé mo lè bi èèyàn pé irú èwo ni wọ́n ṣe fún un kó ní òun ò mọ̀, wọ́n ṣáà ní wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ bèèrè jọ̀ọ́, irú méjì ló wọ́pọ̀, ohun tí a kà léèwọ̀ fún ìkíní, òun kọ́ la kà léèwọ̀ jù fún ìkejì.

Ìkíní, wọ́n tẹ̀ lé bí Ọlọ́run ṣe dá èjìká: wọ́n yọ orí eegun apá tó ti jẹ, wọ́n fi bọ́ọ̀lù irin sí i, wọ́n wá fi ike tẹ́ inú ihò tí bọ́ọ̀lù yẹn ń yí nínú ẹ̀. Kí wọ́n tó lè débẹ̀, iṣan kan wà níwájú èjìká tí wọ́n sábà máa ń gé, tí wọ́n bá parí wọ́n á rán an padà. Iṣan yẹn lẹ fi ń fa ọwọ́ wá síkùn, òun lẹ fi ń ti nǹkan, òun náà ló sì máa já tẹ́ ẹ bá kánjú. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ má yí apá síta jù, ẹ má fọwọ́ ti ara yín dìde, ẹ má fi agbára ti ilẹ̀kùn, ẹ má fà á.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n yí padà. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbé lọ síbi tí ihò wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé ihò sórí eegun apá. Dókítà ará Faransé kan, Paul Grammont, ló gbé èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní kalẹ̀ lọ́dún 1985, nítorí àwọn tí iṣan kéékèèké tó yí èjìká ká ti já tàbí ti gbó, irú ìkíní ò lè ran irú wọn lọ́wọ́ láti gbé apá sókè. Bí wọ́n ṣe yí i padà yìí, iṣan ńlá tó bo èjìká lókè ló máa wá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ gbígbé náà. Ó dáa gan-an, mo ti rí ìyá àgbà tí ò lè gbọ́wọ́ dé ẹnu tó wá ń gbé e kọjá orí. Àmọ́ ó ní ibi tó ti lè yọ, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ sẹ́yìn, tó sún mọ́ ara, tẹ́ ẹ wá yí i sínú. Ẹ wo ohun tó ń gba ọwọ́ lọ síbẹ̀ lójúmọ́: kíki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò lẹ́yìn, dídè búrẹ́síà, fífi kàn-ìn-kàn-ìn ha ẹ̀yìn, gbígbá ìdí ọmọ mọ́ra tẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n. Àwọn ìyá wa tó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ, ọmọ pípọ̀n ò sí ńbẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ pọn ọmọ ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Aṣọ tí wọ́n fi gbé apá kọ́ ọrùn yẹn, ẹ wọ̀ ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni dókítà púpọ̀ máa ń sọ. Ẹ lè bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, àti tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀sásáìsì. Ooru tiwa níbí kò dáa, tí NEPA bá ti mú iná lọ abẹ́ abíyá á bẹ̀rẹ̀ sí í rin, tó bá ń rin tó ń bó nítòsí ibi tí wọ́n rán, kòkòrò lè ráyè wọlé. Bẹ́ ẹ ṣe máa fọ ọ́ nìyí: ẹ fi ọwọ́ tó dá ṣáká di tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá tí wọ́n ṣe ré bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, àyè á ṣí lábẹ́ abíyá, kí ẹnì kan fi aṣọ tútù nù ún kó sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ má gbé apá náà sókè pé ẹ fẹ́ fọ abíyá. Aṣọ wíwọ̀ náà, ọwọ́ tí wọ́n ṣe ló kọ́kọ́ ń wọlé, òun ló sì ń jáde kẹ́yìn. Bùbá tó fẹ̀ àti ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnì lẹ máa wọ̀, ẹ gbàgbé aṣọ tẹ́ ẹ máa gba orí bọ̀.

Oorun nìkan ni mo lè fi odidi ọjọ́ kan sọ. Ẹ má sùn pẹrẹsẹ. Ẹ to ìrọ̀rí sẹ́yìn kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì bí ẹni tó jókòó díẹ̀, ẹ wá fi ìrọ̀rí mìíràn sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ apá tí wọ́n ṣe. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ṣe é re ni pé tẹ́ ẹ bá wolẹ̀ lẹ máa rí ìgbọ̀nwọ́ yín. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, á jẹ́ pé ó ti ṣubú sẹ́yìn, ó ń fa ibi tí wọ́n rán nìyẹn, ẹ gbé e sókè.

Ẹ̀sásáìsì ti wá bẹ̀rẹ̀ o, kódà ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọpẹréṣọ̀n, àmọ́ kì í ṣe èjìká lẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ máa di ọwọ́ kẹ́ ẹ máa tú u, ẹ ká sọ́ọ̀kì kan kẹ́ ẹ máa fún un mọ́wọ́, ẹ máa yí ọrùn ọwọ́, ẹ máa ká ìgbọ̀nwọ́ kẹ́ ẹ máa nà á (àwọn tí dókítà so iṣan ojú apá wọn tún, kí wọ́n bèèrè ná kí wọ́n tó ṣe ti ìgbọ̀nwọ́). Ẹ máa fa eegun pátákó ẹ̀yìn méjèèjì sún mọ́ra wọn díẹ̀, kẹ́ ẹ dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kẹ́ ẹ tú u. Ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá, nígbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Kékeré léraléra ló dáa ju pé kẹ́ ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó wá dùn yín títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Tí dókítà bá ti gbà yín láyè, a máa ń fi jíjù apá bí àgògo kún un. Ẹ fi ọwọ́ tó dá ṣáká di tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú, apá tí wọ́n ṣe á máa ré bọ́ sílẹ̀, ẹ wá fi ìbàdí ju ara yín síwá sẹ́yìn, apá náà á máa fì tẹ̀ lé e. Ara ló ń fì apá o, apá ò gbọdọ̀ fì ara ẹ̀. Èyí ni mo máa ń rí táwọn èèyàn ń ṣì ṣe jù, wọ́n á gan apá, wọ́n á máa fi agbára yí i roboto bí ẹni ń ro àmàlà, ó ti di iṣẹ́ nìyẹn, iṣan tí a ní kó sinmi ló ń ṣiṣẹ́. Òmíràn ni ti tábìlì: ẹ jókòó, ẹ fi táwẹ́lì sábẹ́ ọwọ́ lórí tábìlì, ẹ máa fi àyà tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ máa yọ́ lọ, kẹ́ ẹ tún padà. Ibi tó bá ti fà yín ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ má ti í kọjá ibẹ̀.

Tó bá ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lo oògùn ìrora tí dókítà kọ. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi aṣọ wé yìnyín tàbí píọ̀ wọ́tà tó ti dì, kẹ́ ẹ gbé e lé èjìká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni kò ní lò ó o, mo sì ń sọ ọ́ gidi torí nínú wọn la ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ èjìká láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ ò dé orí eegun apá mọ́ eegun náà á wá kú. Òtútù lè gbé àìsàn náà dìde, torí náà ẹ má gbé yìnyín sí i, ẹ máa mu omi dáadáa ṣáájú ẹ̀sásáìsì àti lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má ṣe é títí tó fi máa rẹ̀ yín tẹnutẹnu.

Ẹrù ńkọ́? Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ohun tó bá ti wúwo ju ife tíì kan lọ, ẹ má fi ọwọ́ yẹn gbé e. Fóònù, ṣíbí, búrọ́ọ̀ṣì, ó tán.

Àwọn nǹkan ilé tó ń ba iṣẹ́ dókítà jẹ́

Àga pálọ̀ ni mo máa fi ṣe àkọ́kọ́. Àga tìmùtìmù wa yẹn máa ń rì, téèyàn bá jókòó sí i tó bá fẹ́ dìde, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi ti ara ẹ̀ kó tó rántí. Ẹ gbé àga oúnjẹ tó ga tó sì le kalẹ̀ fún wọn, òun ni kí wọ́n máa jókòó lé. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, kí wọ́n sún dé etí àga, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sábẹ́ ara, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi itan dìde. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fa màmá yín lọ́wọ́ tí wọ́n ṣe dìde, ẹ má fi ọwọ́ sí wọn lábẹ́ abíyá gbé wọn. Ìbàdí lẹ máa gbá mú, tàbí ọwọ́ kejì.

Ìkíni wa náà wà ńbẹ̀. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọba, torí ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi ti ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ tẹrí ba, kẹ́ni tó bá yín wá ṣàlàyé, wọ́n á ní ẹ kú ewu ni. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe, ọwọ́ òsì náà lẹ máa fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà fún ìgbà díẹ̀, ẹ tọrọ gáfárà kẹ́ ẹ gbà á: ẹ má bínú sà, ọwọ́ òsì ni o. Ẹ má tijú débi tẹ́ ẹ máa na ọwọ́ tó ń jinná. Àwọn Mùsùlùmí, ìforíkanlẹ̀ náà ń gbé ìwọ̀n ara lé ọwọ́, ẹ jókòó kírun, ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó sì jẹ́ òsì ni wọ́n ṣe fún yín, pàápàá irú ìkejì, ẹ má na ọwọ́ yẹn sẹ́yìn láti nùdí, ẹ lo ọ̀tún pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ni.

Jẹnẹrétọ̀! Okùn tí a fi ń fa jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì bi dókítà yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìyẹn. Ìfàjá òjijì báyẹn ni èjìká tuntun kórìíra jù, ju ẹrù tó wúwo tẹ́ ẹ rọra gbé lọ. Okùn kànga náà bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì má gbìyànjú láti hán nǹkan tó ń jábọ́, ìkòkò tó bá fẹ́ fọ́ kó fọ́.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò: ẹ má wa ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí apá ṣì wà lọ́rùn, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ló máa fọwọ́ sí i. Ọ̀kadà, rárá. Téèyàn bá ti ń ṣubú lórí ọ̀kadà ọwọ́ ló ń nà sílẹ̀, ọ̀nà àdúgbò wa tó lẹ́rẹ̀ nígbà òjò ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tẹ́ ẹ bá ń wọ BRT láti Ìkòròdú lọ Mile 12, ẹ dúró de èyí tó láyè ìjókòó, ẹ má fọwọ́ di irin òkè yẹn mú, tí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì gbogbo ara yín ló máa rọ̀ mọ́ èjìká kan. Ẹ jókòó kí apá tí wọ́n ṣe wà lápá fèrèsé, kó má wà níbi tí èèyàn ti ń fara gbún un kọjá. Àwọn tó ń gba Ẹ̀bútẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, tẹ́ ẹ bá lè dá a dúró fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ó dáa jù, torí àwọn tó ń ranni wọlé á kàn gbá ọwọ́ tó bá sún mọ́ wọn mú ni wọ́n á fà á. Tó bá pọn dandan, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀, ọwọ́ tó dá ṣáká ni kẹ́ ẹ nà sí wọn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ èjìká náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á, ẹ má pe ẹni tó ń to eegun pé kó wá nà á torí ó gan. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun táwọn bàbá wa mọ̀, ṣùgbọ́n irin àti ike ló wà nínú èyí, kì í ṣe eegun tí wọ́n mọ̀. Òrí, omi gbígbóná, ìpara tó ń ta, kò gbọdọ̀ kan ojú ibi tí wọ́n rán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá

Àsìkò yìí gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, apá ti kúrò lọ́rùn, ojú ọgbẹ́ ti jinná, oorun ti ń dùn, èèyàn á wá rò pé ó tán. Kò tán. Ohun tó yí padà ni pé a ti lè máa jẹ́ kí apá fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́, kì í ṣe kó gbẹ́rù.

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mọ́ọ̀pù mú, kí ọwọ́ tó dá ṣáká máa gbé ìkejì lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà pẹ̀lẹ́. Tó bá ti rọrùn, ẹ máa dín iṣẹ́ ọwọ́ tó dá ṣáká kù títí apá náà á fi máa gòkè fúnra ẹ̀. Ẹ tún lè dúró kojú ògiri kẹ́ ẹ máa fi ìka gun ún lọ sókè, kẹ́ ẹ fi ẹfun sàmì síbi tẹ́ ẹ dé kẹ́ ẹ lè rí i pé ẹ ń tẹ̀ síwájú, èyí máa ń fún èèyàn láyọ̀ gan-an. Ẹ máa wo èjìká yín nínú dígí. Tó bá ń sún lọ sétí bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ọwọ́, ẹ ti gbé e ju agbára iṣan lọ, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré. Ìwọ̀nba gíga tó tọ́ ló ń kọ́ iṣan, àṣerégèé ò kọ́ ọ ní nǹkan.

Iṣẹ́ ilé, ẹ lè máa jẹun, ẹ lè máa fọ abọ́ kéékèèké, ẹ lè máa ká aṣọ. Àmàlà ríro ò tíì yá, aṣọ fífún ò tíì yá, ilẹ̀ gbígbá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ gígùn ẹ fi ọwọ́ kejì ṣe é. Iyán, ẹ má tiẹ̀ ronú kàn án.

Gbígbẹ́rù gan-an

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, tí dókítà bá ti wo ẹ́síréè tó ní ẹ tẹ̀ síwájú, ìgbà yẹn la tó ń kọ́ agbára. Ẹ ò nílò irin jíìmù olówó ńlá. Píọ̀ wọ́tà kan, 50cl, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ ààbọ̀ kílò géérégé, òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sínú nọ́lọ́nù tó lọ́wọ́, ẹ dì í mú, ìgbọ̀nwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ ká a sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Nígbà tó bá jẹ́ pé ẹ lè ṣe é nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà méjì láìgbọ̀n, tí kò sì dùn yín lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìkejì kún un, ìyẹn kílò kan. Ó kéré tán ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sáàárín kẹ́ ẹ tó fi kún un. Okùn rọ́bà tí a máa ń fà náà dáa, èyí tó rọ̀ jù lẹ máa kọ́kọ́ lò, àárín ìgbáròkó sí àyà ni kẹ́ ẹ ti máa fà á.

Ìrora díẹ̀ bíi pé nǹkan ń fà kò burú. Tó bá ń gún, tàbí tó kọjá wákàtí kan sí méjì tí kò rọlẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ jí lọ́jọ́ kejì tí èjìká ṣì ń dùn yín, ẹ ti ṣe jù, ẹ dín in kù.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé nǹkan, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ tẹ orúnkún ba, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí ìgbọ̀nwọ́ ká, kí ẹrù náà fara kan ikùn. Ẹ má na ọwọ́ gbọọrọ gbé nǹkan láti ibi tó jìnnà sí yín, kílò kan tẹ́ ẹ na ọwọ́ gbé wúwo fún èjìká ju kílò mélòó kan tó wà lára yín lọ. Ẹ mí síta bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e, ẹ má sé èémí. Ẹ má já a gbé. Ohun tẹ́ ẹ máa ń lò lójoojúmọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù sí àárín ìgbáròkó àti àyà, ìkòkò àti iyọ̀ àti epo.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú kílò wo nǹkan ilé wa, torí èèyàn púpọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń gbé. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, ogún ló wà nínú ẹ̀, ó ń lọ sí kílò 10. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tó kún, kílò 25. Gáàsì kílò 12.5, ẹ ka irin ìgò ẹ̀ mọ́ ọn, ó ju kílò 20 lọ. Símẹ́ńtì kílò 50. Dókítà kò sọ ohun kan náà lórí ibi tó yẹ kéèyàn dúró, irú èjìká àti bí eegun ṣe le wà ńbẹ̀, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ tí mo ń gbọ́ ni pé ohun tí ọwọ́ tí wọ́n ṣe nìkan máa ń gbé léraléra kó má ju nǹkan bíi kílò 5 sí 10 lọ títí ayé, èyí tó bá sì kọjá ojú kó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé báàgì píọ̀ wọ́tà ti wà létí ààlà, kẹ́ẹ̀gì tó kún ti kọjá ẹ̀. Ẹ bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìdajì ìdajì, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e. Olùtajà tó ń gbé ọjà wá láti Sábó, ẹ ra kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ní táyà, ẹ máa ti èyí tó fúyẹ́, ẹ pe aláàárù fún ìyókù.

Kí ló dé tí ààlà yẹn ò fi kúrò kódà lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí kò dun yín mọ́? Nínú irú ìkíní, ike tó wà nínú ihò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun ni. Ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù tó wúwo, bọ́ọ̀lù máa ń ti etí kan ike náà, etí kejì á fẹ́ dìde, ó wá dà bí èèkàn tí ewúrẹ́ ń fà síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́, bó ti wù kó wọlẹ̀ tó á mì. Èyí tó bá ti mì, ọpẹréṣọ̀n mìíràn ni, ìkejì sì le ju ìkíní lọ torí eegun tó kù láti fi di nǹkan mú ti dín kù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀, ó ń pẹ́: nínú mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́sàn-án tó ṣì máa ń wà níbi tí wọ́n fi í sí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ padà sí jíìmù, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹsẹ̀ lẹ lè ṣiṣẹ́ fún dáadáa, kẹ̀kẹ́ tí kì í rìn náà dáa, àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ tẹ orí ẹ̀. Gbígbé irin fífúyẹ́ fún ojú apá, fífa okùn sáyà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ pátápátá ni dídùbúlẹ̀ ti irin ńlá sókè láti àyà, gbígbé irin kọjá orí, fífa irin wá sẹ́yìn ọrùn, púṣọ́ọ̀pù, àti fífi ọwọ́ rọ̀ mọ́ irin. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọmọkùnrin tó ti ń gbé irin tẹ́lẹ̀, ó sì dùn mí fún un, àmọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ti bàbá àgbà lọ. Bọ́ọ̀lù gbígbá pẹ̀lú, ẹ máa wò ó, ìṣubú ni mò ń sá fún.

Ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí ọsibítù

Tí ojú ibi tí wọ́n rán bá pọ́n tó ń gbóná, tó ń ṣomi tàbí tó ń ṣọyún, tí ibà bá gùn yín, ẹ lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́míìsì. Ẹ sì mọ̀ pé kòkòrò inú èjìká máa ń ṣe jẹ́jẹ́ nígbà míì, kò ní sí ibà, kò ní pọ́n, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni èjìká tó ti ń dáa máa ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gan tó sì ń dùn, ẹ padà lọ bá dókítà. Tí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn, tàbí tí èémí ò já gaara, ìyẹn ò ṣeé fi sùn. Àwọn onírú ìkejì, tí orí èjìká lókè bá ń dùn yín ní ojú kan ṣáá láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fi kún ẹ̀sásáìsì, ẹ dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ lọ ya ẹ́síréè, eegun ibẹ̀ lè sán.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé nǹkan pa pẹ̀ẹ́, tí ìrísí èjìká yí padà, tí apá ò gbé mọ́, tàbí tí ọwọ́ kú tipiri, ó ṣeé ṣe kó ti yọ. Ẹ má gbìyànjú láti dá a padà, ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò fà á. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín apá àti ara bó ṣe wà, ẹ fi aṣọ so ó mọ́ àyà pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan kan, torí wọ́n lè fún yín lóògùn oorun kí wọ́n tó dá a padà. Ọkọ̀ tó ṣeé jókòó sí dáadáa lẹ máa wọ̀, ọsibítù tó ní ẹ́síréè àti dókítà eegun sì lẹ máa lọ tààrà, yálà ibi tí wọ́n ti ṣe é fún yín tàbí ọsibítù eegun ìjọba ní Ìgbóbì. Ìwé tí wọ́n kọ irú èjìká náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí, ẹ yà á sínú fóònù láti òní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan lórí WhatsApp, dókítà tó máa gbà yín wọlé á kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀.